Ọdún Tí Àkàrà Ń Padà Wálé

Bí mo bá dijú, tí mo fi ẹ̀yìn ti àga, ohùn ló máa ń kọ́kọ́ dé, kí ojú inú mi tó rí ohunkóhun. Ìgbálẹ̀ ni, tí ń gbá àgbàlá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì là tán. Ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé á tẹ̀ lé e, agogo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà á dáhùn, fèrè àwọn ilé iṣẹ́ á wá dún gbẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n fipá jí. Láàárín gbogbo wọn ni ohùn obìnrin kan máa ń gbà kọjá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí omi tó ń wá ọ̀nà láàárín òkúta. Àǹtí Fìló nìyẹn. Fìlómínà ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é tán. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, aránṣọ, kò tíì lọ́kọ. Yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé nínú ilé Àlhájà ní Ìkòròdú, òun ló sì ń dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bó bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bó bá ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orin ni. Màmá mi á na ara lórí ẹní, á ní, "Fìló ti jí. Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ."

Àwa kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, nínú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó mú màmá mi wá, wọ́n gba yàrá kan, wọ́n bí èmi Bọ́sẹ̀ àti àbúrò mi Tóyìn síbẹ̀. Ilé náà gùn, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á láàárín, ilé ìdáná àti kànga sì wà ní àgbàlá. Àlhájà tó ni ilé, opó tó ti dàgbà, ló ń gbé yàrá tó kángun sí àgbàlá náà. Fèrèsé rẹ̀ kì í tì. Ibẹ̀ ló ti ń rí ẹni tó fa omi tí kò dé kànga padà, ẹni tó fi eérú sílẹ̀ nínú ààrò, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn. Kì í pariwo. Á kàn pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, o ó sì mọ ohun tí o ṣe. Títí dòní, bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi lójijì lẹ́yìn mi, mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá mo ti fi ìdérí dé kànga.

Màmá mi ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ọgbà náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọlé láàárọ̀ àti àwọn tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru. Nítorí náà, ẹ̀wà ló ń darí ilé wa. Mo rántí ẹ̀wà tí a rẹ ní ìrọ̀lẹ́, èèpo rẹ̀ tó ń léfòó lójú omi, ẹ̀rọ ìlọta tó ń gbọn ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ata àti àlùbọ́sà tó ń mú ojú ṣomi. Ó ní, "Ọwọ́ tó bá bó ẹ̀wà ló mọ adùn àkàrà," ìyẹn nígbà tí mo bá ń ráhùn pé èékánná mi ti rọ̀. Ní Sátidé tí kì í tajà, Àǹtí Fìló ló máa ń se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo wa. Òun ló kọ́ màmá mi, torí iyán la mọ̀ ní ìlú tiwa. Á rin ewùrà, á ha ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀, á máa fi ọwọ́ sọ ewùrà náà sínú ìkòkò lẹ́yọ lẹ́yọ. Màmá mi á ti mú orógùn. "Ẹ má tíì rò ó, Ìyá Bọ́sẹ̀," á wí, èdè Ìjẹ̀bú á máa yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, "ẹ jẹ́ kó dì ná." Àwa ọmọ á jókòó yí ààrò ká, a ó máa wo èéfín bó ṣe ń tẹ̀ síbí, tó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, bíi pé òun náà ń dúró de oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú ní òórùn tirẹ̀. Òórùn aṣọ tí wọ́n fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, lẹ́yìn náà òórùn tùràrí tí ń gòkè lọ sí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìtànṣán oòrùn láti ojú fèrèsé ń gé e sí wẹ́wẹ́. Mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni àdúrà ń gbà lọ. Bàbá mi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láti fi àyè han àwọn tó bá pẹ́ dé, màmá mi á kó wa jókòó láàárín àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀, Àǹtí Fìló á sì dìde láàárín akọrin. Kì í ṣí ìwé. Á wo òkè díẹ̀, á dá orin, gbogbo ìjọ á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, àwa ọmọdé máa ń ka Rósárì láti àgbàlá dé àgbàlá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, tí a fi bébà yí ká kí afẹ́fẹ́ má baà pa á. Àlhájà kì í lé wa. Á ní kí a tètè ka tiwa kí àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, kí òun náà lè rí àyè ka tòun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú púpọ̀. Gbogbo wa là ń wúkọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura nígbà tí Àǹtí Fìló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, ikọ́ tiwa bá a lọ, tirẹ̀ dúró. Aṣọ tó rán fún ara rẹ̀ ní Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ léjìká rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dá orin, ó dé àárín, ohùn náà gé. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó jáde. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń tẹ̀ ẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, òun náà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo gbọ́ tí bẹ́ńṣì wa dún: màmá mi ló dìde, tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sí ọsibítù ìjọba. Oòrùn ti ń rọ̀ kí wọ́n tó dé. Àǹtí Fìló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láì kí ẹnikẹ́ni, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ààrò, kò tú gèlè.

"Kí ni wọ́n sọ?" bàbá mi bi í.

"Ikọ́ ife ni."

Nínú ilé tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré kì í pẹ́ dàgbà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ayálégbé ti pé sábẹ́ igi fúrúùtù ní àgbàlá, Àlhájà sì jókòó sórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn Àǹtí Fìló wà ní títì, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó ń gbọ́. Bàbá Ìdòwú, awakọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, ló sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ilé. Ó ní àwọn ò kórìíra ọmọbìnrin náà, àmọ́ àwọn ní ọmọ, kànga kan sì ni gbogbo wa ń pọn. Ó ní kí Àlhájà ní kó máa lọ sílé wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Àlhájà yíjú sí màmá mi. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ìwọ lo tẹ̀ lé e lọ. Kí lo rí sí i?"

"Àlhájà, mo bi nọ́ọ̀sì ní gbogbo ohun tí ẹ̀yin náà ń rò," màmá mi dáhùn. Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ó ní kì í ṣe inú omi kànga ló ń gbé, èémí ló ń bá rìn. Ó ní bó bá ti lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò ní lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá a dúró títí yóò fi tán, oṣù tó pọ̀ ni. Kó tó di ìgbà náà, fèrèsé rẹ̀ á máa ṣí, àwo àti ife rẹ̀ á dá wà, ọmọ kankan ò ní wọ yàrá rẹ̀. Èmi nìkan ni màá máa wọlé tọ̀ ọ́."

"Bó bá wá gbàgbé oògùn náà ńkọ́?" Àlhájà bi í.

"Ojú mi ni yóò ti máa gbé e mì."

Àlhájà ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì yẹn, ó wo àwa ọmọ tí a tò sẹ́bàá ògiri. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó bá yíwọ́, ọrùn rẹ ni màá so ó mọ́." Kò rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tú ká bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀.

Láti ìgbà náà lọ, àárọ̀ ilé wa yí padà. Ìgbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ọwọ́ mi ló sì wà báyìí, láìsí orin. Màmá mi á gbé agbada àkàrà sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á bu omi sí ife, á wọlé tọ Àǹtí Fìló lọ. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ: "Ṣí ẹnu. Mo rí i. Gbé e mì." Àǹtí Fìló á ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ọmọdé ni mí ni?" Màmá mi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Oògùn náà sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa, ẹnìkan sì ké nílé ìwẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, àfìgbà tí màmá mi lọ láti yàrá dé yàrá, tó ń ṣàlàyé pé nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Fáda, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ wa, máa ń gun alùpùpù rẹ̀ wá láti fún un ní Ara Olúwa. Èmi ni mo máa ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá sì tan àbẹ́là sí i. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì kún àgbàlá, tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi bẹ́ẹ̀ rí iná àbẹ́là náà. Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lókè rẹ̀ nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń jó. Mo lè dúró kí n máa wò ó títí wọn ó fi lé mi lọ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní Àǹtí Fìló kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, màmá mi da àwo rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa lójú gbogbo ilé, ó sì mú un lọ sí Mísà. A jókòó sí ibi tí a máa ń jókòó sí. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ kí wa, wọ́n fọwọ́ kan àyà, wọ́n bèèrè àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹnìkan rántí pé òun fẹ́ jókòó nítòsí fèrèsé. Òmíràn lọ bá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, obìnrin onínúure tó máa ń fún mi ní bisikíìtì, sún, ó tún sún, títí àyè tó ṣófo láàárín wa fi gba ènìyàn mẹ́ta. Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí fìtílà. Fáda ní kò sẹ́ni tó ń tan fìtílà tán kó wá fi agbọ̀n dé e. Gbogbo ìjọ mi orí. Mo wo àyè tó ṣófo yẹn, mo wo Àǹtí Fìló tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè mi orí báyẹn láìjẹ́ pé ara rẹ̀ sún kúrò níbi tó wà. Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà nígbà náà lọ, mo sì ti mọ̀ pé ẹ̀rù kì í sọ pé kí ènìyàn má dára. Ó kàn máa ń sọ fún un pé kó sún díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Lákọ̀ọ́kọ́, inú èmi àti Tóyìn dùn. Àkàrà tí a kì í rí jẹ ju ẹyọ kan tó fọ́ lọ, ó ti wá kún agbada. A jẹ ẹ́ láàárọ̀, a jẹ ẹ́ lọ́sàn-án pẹ̀lú gaàrí, a tún jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ lálẹ́. Tóyìn ní Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun. Kò yé wa pé ọ̀rọ̀ ti rin láti ilé wa dé géètì, pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ láàárín ara wọn pé obìnrin alákàrà yẹn ló ń tọ́jú oníkọ́, pé wọ́n ti ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n sì ń lọ ra búrẹ́dì níwájú. Ohun tó kọ́kọ́ ta mí lólobó ni pé màmá mi kò rán mi lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ̀wà tó ń rẹ dín kù, agbada ńlá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń lo kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó wo ohun tó wà nínú àwo. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Láti ọjọ́ ìpàdé abẹ́ igi, n ò gbọ́ kó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, kí la ó máa jẹ lóṣù yìí?"

"Àkàrà," màmá mi ní.

Bàbá mi wò ó, òun náà wo bàbá mi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu bàbá mi, lẹ́yìn náà lẹ́nu màmá mi, wọ́n rín in títí ojú màmá mi fi kún fún omi, tó sì fi etí aṣọ nù ún. Bàbá mi ò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, ó ń gba iṣẹ́ àfikún níbi iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Àǹtí Fìló. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rí agbada tó ń kọjá lójú fèrèsé rẹ̀, bó ṣe ń jáde lọ pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ tó sì ń padà pẹ̀lú àkàrà tí wọn ò rà. Ní ọjọ́ kan nígbà ìsinmi ilé ìwé, màmá mi ti géètì dé, ó lọ kí i, ó bá yàrá ní gbígbá, ẹní ní kíká, oògùn lójú fèrèsé. Ọmọ Bàbá Ìdòwú ní ó ti gbé báàgì lọ sí ìdíkọ̀, ó ní Ìjẹ̀dẹ́ ni òun ń lọ. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti Ìjẹ̀dẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Màmá mi kó oògùn náà sétí aṣọ, ó rọ omi sínú ìgò, ó fà mí lọ́wọ́. Kò pààrọ̀ aṣọ. Òórùn òróró wà lára rẹ̀ nínú mọ́tò, gbogbo ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ sì ń mì láìsọ̀rọ̀. Rósárì ló ń kà, orí ìka ọwọ́ mi ló ti ń kà á.

Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ojú ọ̀run dọ́gba, tí àwọn ọkọ̀ apẹja fi dà bí ohun tó so rọ̀ sí àárín òfìfo. Àwọn ọkùnrin ń tún àwọ̀n ṣe. Èéfín ẹja yíyan ń rìn lórí omi. Àǹtí Fìló jókòó sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, báàgì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó rí wa, kò dìde.

"Fìló, oògùn rẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Mo mú un wá." Màmá mi tú etí aṣọ, ó na ìgò omi sí i. "Gbé e mì ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Ó gbé e mì. Màmá mi jókòó tì í, mo jókòó sórí yanrìn níwájú wọn.

"Mo rí agbada yín," Àǹtí Fìló ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Wọn ò ra ọjà yín mọ́ nítorí mi."

"Àkàrà tèmi ni. Èmi ni mo gbé e lọ, èmi ni mo dín in, èmi ni mo gbé e padà. Ta ló ní kí ìwọ bá mi rù ú?"

"Ẹ lọ́mọ."

"Mo mọ̀ pé mo lọ́mọ. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ wọ̀nyí, ẹ fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn létí ohun tó bí." Àǹtí Fìló fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Màmá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Bó o bá délé, ta ni yóò dúró tì ọ́ láàárọ̀ kí o gbé e mì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tí a ò tíì rí láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Nínú omi, ọkọ̀ tó ń lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ ti ń kún. Awakọ̀ rẹ̀ dúró nínú omi tó dé orúnkún, ó ń pè pé ẹnìkan ló kù. Ó wo àwọn obìnrin méjèèjì. "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?"

"N ò ní dì ọ́ mú," màmá mi sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó o bá wọ̀ ọ́, mọ̀ pé ìwọ lo wọ̀ ọ́, má sọ pé nítorí mi ni. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ilé ni mo fẹ́ ká lọ. Ewùrà wà nílẹ̀ tí n ò mọ̀ ọ́n rò."

Mo rántí ọwọ́ Àǹtí Fìló lórí okùn báàgì yẹn ju bí mo ṣe rántí ojú rẹ̀ lọ. Ó tinrín, àpá abẹ́rẹ́ ìránṣọ wà lórí ìka rẹ̀. Ó dì í mú, ó tú u, ó tún dì í mú. Obìnrin kan tó gbé adìyẹ sáré kọjá, ó gba àyè tó kù. Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ náà ya omi sí méjì, ó ń kéré sí i títí kò fi yàtọ̀ sí ẹyẹ tó bà lé omi. A jókòó síbẹ̀ títí ojú omi fi padà dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Fìló dìde, tó gbọn yanrìn kúrò ní ìdí mi, tó ní, "Bọ́sẹ̀, jẹ́ ká ra ẹja dání." Nígbà tí a wọ àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, Àlhájà wà lójú fèrèsé. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wò wá títí a fi wọlé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo tẹ̀ lé màmá mi lọ sí géètì láti bá a fẹ́ná. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń kọjá. Ọ̀kadà kan dúró. Ẹni tó sọ̀ lórí rẹ̀ ni Àlhájà, pẹ̀lú ìbòrí funfun tó fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀. N ò rí i rí kó jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Màmá mi fẹ́ kúnlẹ̀, Àlhájà ní kó má dá ara rẹ̀ láàmú, iná wà níwájú rẹ̀. Ó fa bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó jókòó sí ibi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ti lè rí i.

"Fún mi ní àkàrà."

Màmá mi ń wá bébà tó mọ́.

"Gbé e lé mi lọ́wọ́, kò gbóná jù."

Ó jẹ ẹ́. Kò yára. Ó ń jẹ ẹ́ bí arúgbó ṣe ń jẹun, ó ń wo iwájú, ó ń fi ahọ́n wá eyín tó kù. Lára àwọn tó ń kọjá, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀, ìlú rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti gbé ilé rẹ̀ rí. Wọ́n dúró kí i. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú àkàrà lẹ́nu. Bàbá Ìdòwú, tó wá já èrò sílẹ̀, fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó wá dọ̀bálẹ̀. Àlhájà bi í bóyá òun náà ti jẹun. Ó ní rárá. Àlhájà ní, "Jókòó." Ó jókòó. Màmá mi bu tirẹ̀ fún un. Nígbà tó mú èyí àkọ́kọ́ sẹ́nu, gbogbo wa ń wò ó, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gba oògùn, kó tó di pé ebi tó ń pa á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá mi ò lè pa á mọ́ra. "Àlhájà, ta ló rán yín níṣẹ́ ńlá báyìí?"

"Ojú ní í rójú ṣàánú," Àlhájà ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ìwọ àti ife omi yẹn láti ojú fèrèsé mi. Ó sú mi láti máa wò." Ó nu ọwọ́ sí bébà, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Iyọ̀ rẹ̀ kéré díẹ̀."

"Màá fi kún un lọ́la, Àlhájà."

Kò sí àrà kan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn díẹ̀ dúró ra. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pọ̀ díẹ̀ sí i. Agbada ńlá jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n tún ń rán mi lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta, Tóyìn sì padà sí ẹyọ kan tó fọ́, ó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn ará ìjọ náà wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó gbé aṣọ pẹlẹbẹ kan dání, ó ní òun fẹ́ kí Àǹtí Fìló bá òun rán bùbá. Wọ́n jókòó pa pọ̀ nínú yàrá náà pẹ́, mo sì gbọ́ tí ó ń sunkún, ìyẹn Ìyá Ẹgbẹ́, tí Àǹtí Fìló ń bá a wọn apá. N ò gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ẹgbẹ́ wá jókòó tì wá tó bẹ́ẹ̀ tí bùbá tuntun náà fi ń kàn mí lápá, ó ń ta mí díẹ̀díẹ̀, n kò sì sún.

Nígbà tí oògùn fi máa tán, òjò ti wá, òjò ti lọ. Nọ́ọ̀sì ní ara Àǹtí Fìló ti dá. Ara dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn àtijọ́ ò padà. Fún ìgbà pípẹ́, kò fẹ́ kọrin mọ́. Fáda bẹ̀ ẹ́, akọrin bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Màmá mi nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "A kì í bẹ ẹni tó ń bọ̀ wálé." Ní ọjọ́ Àìkú kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó dìde nínú bẹ́ńṣì wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ kọjá, ó lọ dúró ní àyè rẹ̀ láàárín akọrin. Ó wo òkè díẹ̀. Ohùn tó jáde ti wálẹ̀, ó sì ní eruku díẹ̀ nínú, bí ohùn ẹni tó ti sùn jí. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń wá a kiri lórí dùùrù rẹ̀ kó tó bá a nísàlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa wálẹ̀ lọ bá a, àwọn ọkùnrin pàápàá, a sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Nínú orin náà ni mo yíjú sí fèrèsé, nítorí pé màmá mi ti ń sunkún, n ò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo rí omi lójú rẹ̀. Ẹnìkan dúró níta, lábẹ́ òjìji igi, ìbòrí funfun lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí a jáde, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ kí i.

"Àlhájà, ṣé ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Rárá o," ó ní. "Mò ń kọjá lọ ni."

Ọmọdé ni mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí mo ti dàgbà, tí mo tún ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí Mísà pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi, ni mo tó kíyè sí i pé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀nà náà kò lọ síbì kankan mọ́. Oko gbágùúdá ni, lẹ́yìn oko náà, ọ̀sà.